Ẹni Tí Yóò Gé Okùn Ẹsẹ̀ Inju

Ní abúlé wa, Taskuduk, bí agolo ńlá tí wọ́n fi ń gbé èèyàn bọ̀ láti òfuurufú bá ń já bọ̀, ajá pàápàá kì í gbó mọ́. Ìró rẹ̀ á dún gbì, gbì, lẹ́ẹ̀mejì lókè, gíláàsì ojú fèrèsé á gbọ̀n, ẹni tó ń fún wàrà màálù á ní, "Wọ́n ti dé nìyẹn," á sì máa fún wàrà rẹ̀ lọ. Kò ní gbójú sókè. Àfi bí màálù bá ta korobá nípàá nìkan ni yóò tó bínú sí wọn.

Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo jẹ́ ìyàwó tuntun, bí a bá gbọ́ ìró yẹn, ilé ò ní gba ẹnikẹ́ni. Àwọn kan á gun ẹṣin, àwọn kan á gun ràkúnmí, bàbá ọkọ mi a máa gun kẹ̀kẹ́ tí kò ní bíréèkì. Ilé ìwé á tú, olùkọ́ ni yóò sì sáré ṣíwájú. A mọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá ti gòkè lọ, a mọ orúkọ ìyàwó wọn, a mọ èyí tí kò fẹ́ràn àlùbọ́sà nínú wọn.

Ìdí tó fi ká àwa ìyá lára jù lọ nìyí. Bí ọmọ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí rìn láàárín wa, a máa ń so okùn dúdú àti funfun mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, a ó sì bẹ ẹni tí ìrìn rẹ̀ wù wá kí ó gé e, kí ó sì fa ọmọ náà lọ́wọ́ síwájú. Bí ẹni náà bá ti ń rìn láyé ni ọmọ yóò ṣe rìn. Ta ni ìrìn rẹ̀ tún jìnnà ju ti ẹni tó lọ sí òfuurufú tó bọ̀?

Nígbà tí ọmọ mi Tolegen fẹ́ rìn, wọ́n gbé ará òfuurufú kan wá sí gbàgede ìlú wa ní ọjọ́ tó já bọ́ gan-an. Ó jókòó sórí àga gíga, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó lẹ́sẹ̀. Àwa ìyá ọmọ tò síwájú rẹ̀. Èmi ni ẹni kọkànlélógójì. Ó gé okùn títí dé ẹni kejìdínlógójì, wọ́n bá gbé òun àti àga rẹ̀ sínú ọkọ̀, wọ́n sì gbé e lọ. Mo sunkún títí. Bàbá ọkọ mi ní kí n má sunkún mọ́, ó pe Esirkep tó ń tajà ní ilé ìtajà ìjọba pé kó wá gé e. Esirkep yìí, bí ó bá lọ mú ṣúgà fún ọ lẹ́yìn káńtà, tíì rẹ á ti tutù nílé kí ó tó padà dé.

Tolegen ti di ọkùnrin báyìí. Ọmọ dáadáa ni. Kò mutí, kò jà. Orí tìmùtìmù níwájú tẹlifíṣọ̀n ló wà, ó ń bọ̀ wá dìde.

Nítorí náà, nígbà tí Inju, ọmọ Tolegen, bẹ̀rẹ̀ sí di ògiri mú ní oṣù kẹrin ọdún yìí, mo ti mọ ohun tí mo fẹ́. Lọ́jọ́ Tuside, ìjọba fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù gbogbo wa pé kí ẹnikẹ́ni má da àgùntàn kọjá adágún oníyọ̀ ní òwúrọ̀ Satide, pé agolo yóò já bọ́. Mo sáré wọlé tọ Akmaral lọ, ìyàwó ọmọ mi.

"Akmaral! Ará òfuurufú ń bọ̀ ní Satide! Òun ni yóò gé okùn Inju!"

Ó ń gbálẹ̀. Ó gbálẹ̀ dé ẹsẹ̀ mi, ó yí mi po, ó gbálẹ̀ lọ. "Ìyá, mo ti bẹ Gauhar."

"Gauhar wo?"

"Gauhar tó ń ta ìpara lórí fóònù. Ọ̀kẹ́ méjì èèyàn ló ń wò ó."

"Ìrìn rẹ̀ ni wọ́n ń wò àbí ojú rẹ̀?"

"Ojú rẹ̀ ni."

"Ṣé ojú Inju la fẹ́ so okùn mọ́ ni?"

Ó dá ìgbálẹ̀ dúró. "Ìyá, ẹ má bínú. Ta ló tún ń ka àwọn ará òfuurufú sí? Ó dáa, ẹ dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo tó wà lókè báyìí."

N kò rántí ẹnì kan. Èmi tí mo mọ wọ́n tẹ́lẹ̀ bí mo ṣe mọ àwọn màálù mi!

"Orúkọ kọ́ ló ń rìn," mo wí.

Bí a ṣe parí rẹ̀ nìyí. Satide náà la ó pa àgùntàn, àwọn àlejò yóò dé ní aago méjì ọ̀sán. Bí mo bá rí ará òfuurufú gé okùn náà kí ẹran tó jinná, mo borí. Bí n kò bá rí i, Gauhar yóò gé e lójú gbogbo èèyàn, n kò sì gbọdọ̀ fajúro. Ọmọ ṣì ń mu ọmú, nítorí náà Akmaral yóò bá wa lọ. Tolegen yóò máa ṣọ́ ìkòkò ẹran. Iṣẹ́ yẹn bá a lára mu, orí ìjókòó ni wọ́n ti ń ṣe é.

Ó ku ọkọ̀. Àbúrò ọkọ mi, Satibaldi, ló ní jíìpù àtijọ́ kan. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn náà ni àwọn ẹlẹ́ṣin abúlé wa fẹ́ bá ti Aksuat já òkú ewúrẹ́ gbà mọ́ra wọn lọ́wọ́, eré kokpar tí ọkùnrin wa kì í fi ṣeré.

"Ọkọ mi," mo ní, "gbé wa lọ."

"Ìyàwó wa, ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ará òfuurufú á tún já bọ́ ní ìgbà òjò dídì. Ewúrẹ́ yìí, ẹ̀ẹ̀kan ló máa kú."

"Ta ló ń fọ ṣòkòtò rẹ títí o fi níyàwó?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ta ló parọ́ fún àwọn àna rẹ pé o kì í hanrun?"

Ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. "Aago mélòó la ó kúrò?"

"Márùn-ún ìdájí. Ká lè tètè gba ipò lórí ìlà."

"Ìlà wo?" ló bèèrè.

Ní ọjọ́ náà mo wọ aṣọ àríyá mi, mo di okùn dúdú-funfun àti ṣísọ́ọ̀sì mọ́ gèlè kan, mo gbé agbọ̀n baursak, búrẹ́dì kéékèèké tí mo dín lánàá, mo gbé ìgò wàrà ẹṣin, mo sì gbé súìtì tí a ó fọ́n sí èèyàn lórí bí wọ́n bá gé okùn tán. Nígbà tí a kọjá adágún oníyọ̀, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Mo yọ orí síta láti wo bí ìlà ṣe gùn tó.

Kò sí ìlà. Kò sí èèyàn. Àgùntàn mẹ́rin ló wà níbẹ̀, tó jẹ́ pé wọn ò ka iṣẹ́ tí ìjọba fi ránṣẹ́.

"Ìyá," Akmaral wí, "ipò kìíní ló bọ́ sí yín lọ́wọ́. Ẹ kú oríire."

"Ìyàwó wa," Satibaldi náà wí, "ṣé kí n máa bá yín lé èèyàn sẹ́yìn?"

Mo sọ lọ́kàn mi pé wọ́n ń bọ̀. A jókòó títí ó fi lé ní aago mẹ́sàn-án. Inju sùn, ó jí, ó mu ọmú, ó fi baursak nu ojú fèrèsé ọkọ̀. Satibaldi na fóònù rẹ̀ sókè kó lè rí eré ewúrẹ́ tí ẹnì kan ń fi hàn láti pápá.

Gbì, gbì.

Ọkàn mi fò sókè bí ti ọmọge. Mo já síta. Mo rí agboorùn ńlá tó ń mú agolo balẹ̀ pẹ̀lẹ́, pupa àti funfun, ó ń mì lọ mì bọ̀ lójú sánmà, agolo náà so rọ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó kéré bí èso igi.

"Ẹ wò ó! Ẹ wò ó o!"

"Mú un! Mú un mọ́ itan!" Satibaldi ń pariwo sí ẹlẹ́ṣin inú fóònù.

"Satibaldi! Èèyàn ń ti òfuurufú já bọ̀!"

"Mo gbọ́, ìyàwó wa, wọn ò ní padà sókè. Mú un, ọmọ ọ̀lẹ!"

Ìgbà tí ó fi gbójú sókè, eruku nìkan ló kù.

Nígbà tí a wakọ̀ débẹ̀, hẹlikópítà mẹ́ta ti balẹ̀, koríko ń rú èéfín, agolo náà dúdú bí ìdí ìkòkò tí a kò fọ rí. Wọ́n ti fa àwọn mẹ́ta inú rẹ̀ jáde, wọ́n fi wọ́n jókòó sórí àga lórí pápá. Ọ̀kan ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó kàn ń wí pé, "Mo ti gbọ́. Mo ti gbọ́." Ọ̀kan ń bì sínú àpò. Ọ̀kan jókòó jẹ́ẹ́, ojú rẹ̀ funfun bí ìyẹ̀fun. Mo yan èyí tó jókòó jẹ́ẹ́.

Ọlọ́pàá onírunmú ńlá kan na ọwọ́ síwájú wa. "Ẹ dúró! Ẹ ò lè kọjá ibí."

"Ọmọ ta ni ọ́?"

"Màmá, ọlọ́pàá ni mí."

"N kò bèèrè iṣẹ́ rẹ. Ka orúkọ bàbá méje tó bí ọ fún mi."

Bí àgbà bá ní kí ọmọ ilẹ̀ wa ka bàbá rẹ̀ méje, kò sí aṣọ iṣẹ́ tí yóò di ẹnu rẹ̀. Ó nà ró. "Jaksilik ọmọ Omirzak, ọmọ Tursin, ọmọ Kojabek, ọmọ Boranbay..."

"Dúró! Boranbay tó ní ẹṣin olójú kan?"

"Òun ni."

"Bàbá tó bí bàbá ìyá mi ni! Ọmọ ilé ìyá mi ni ọ́, Jaksilik! Ṣé ìwọ ni wàá lé mi?"

Òógùn bọ́ sí i lójú. Ẹni ilé ìyá kò gbọdọ̀ sọ fún ọmọ obìnrin ilé wọn pé rárá. "Màmá, bí ọ̀gá bá bi mí ńkọ́?"

"Sọ fún un pé mọ̀lẹ́bí ni wá. Ṣé irọ́ ni?"

Bí a ṣe ń kọjá, obìnrin dókítà kan sáré wá. "Ta ló jẹ́ kí àwọn wọ̀nyí wọlé?"

"Mọ̀lẹ́bí ni wọ́n, Dókítà," Jaksilik dáhùn.

Dókítà wo gèlè mi, ó wo agbọ̀n baursak, ó wo ará Rọ́ṣíà tó jókòó jẹ́ẹ́ sórí àga. "Mọ̀lẹ́bí ta?"

Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ kan sókè díẹ̀. "Tèmi ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá."

Orúkọ rẹ̀ ni Rodion. Mo kí i káàbọ̀, mo fún un ní baursak kan. Ó ń wo ẹ̀yìn mi.

"Màmá, àwọn èèyàn yòókù dà?"

"Wọ́n ń bọ̀," mo ní.

"Nígbà àkọ́kọ́ tí mo já bọ́, ràkúnmí mẹ́fà ni mo kà. Ẹnì kan fún mi ní àgùntàn láàyè. Nígbà kejì, ọkùnrin kan ló wá, ó ní ṣé mo rí màálù òun láti òkè." Ó mí kanlẹ̀. "Wọn ò bọ̀, àbí?"

N kò lè parọ́ fún ẹni tí ojú rẹ̀ funfun tó bẹ́ẹ̀. "Wọ́n wà níbi tí wọ́n ti ń já ewúrẹ́ gbà."

"Ta ló ń borí?"

"Àwa ni!" Satibaldi dáhùn láti ẹ̀yìn. "Mẹ́ta sí méjì!"

"Nílé tèmi pàápàá," Rodion wí, "ìyá ìyàwó mi pè mí lánàá. Ó ní ọjọ́ wo ni mò ń lọ. Oṣù kẹfà mi lókè rèé."

Mo sọ ohun tí mo bá wá fún un. Ojú rẹ̀ là. Ó ní ṣísọ́ọ̀sì dà. Mo na ṣísọ́ọ̀sì sí i, baursak sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kàn fi baursak náà sílẹ̀ sínú afẹ́fẹ́, bí ẹni gbé e sórí tábìlì, ó gba ṣísọ́ọ̀sì. Baursak já bọ́ sílẹ̀. Ó wò ó bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ.

"Ẹ má bínú," ó ní. "Lókè, bí o bá fi nǹkan sílẹ̀, á dúró dè ọ́." Bí ó ti ń sọ̀rọ̀, ó fi ṣísọ́ọ̀sì náà sílẹ̀ kí ó lè fi ọwọ́ ṣàlàyé. Ó já lu bàtà Jaksilik.

"Ó dáa," Rodion wí, "ẹ gbé ọmọ náà fún mi."

"Ẹ má gbé e fún un!" Gbogbo wa la jọ kígbe, títí kan Dókítà.

Akmaral gbé Inju dúró níwájú rẹ̀ lórí ilẹ̀, ó dì í mú. Mo so okùn mọ́ ọmọ lẹ́sẹ̀. Mo ní, "Ó yá, ẹ dìde, ẹ gé e, kí ẹ sì fà á lọ́wọ́."

"Màmá, mi ò lè dìde."

"Mo mọ̀ pé èèyàn ńlá ni yín, ṣùgbọ́n ẹ kàn dìde díẹ̀."

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ èèyàn ńlá," Dókítà wí. "Kò lè rìn ni. Kò sí èyí tó lè rìn nínú wọn. Òfuurufú ti sọ ẹsẹ̀ wọn di òwú. Ọ̀la ni a ó tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ wọn."

Mo dúró bí òpó. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn! Àga gíga, bùláńkẹ́ẹ̀tì lẹ́sẹ̀! Àwa rò pé iyì ló mú wọn jókòó. Ọmọ méjìdínlógójì ni a fún ẹni tí kò lè dá dìde kí ó gé okùn ẹsẹ̀ wọn, tí mo sì tún sunkún pé n kò sí nínú wọn.

Akmaral gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra. "Ìyá, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Gauhar kò yára, ṣùgbọ́n ó ń rìn."

Òtítọ́ ló sọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí tú okùn náà lẹ́sẹ̀ ọmọ. Mo bi Rodion, bóyá nítorí kí ojú má baà tì í ni: "Nígbà tí ẹ kọ́kọ́ já bọ́, ṣé ẹ padà rìn?"

"Mo rìn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ́ ọ. Nígbà kejì, mo tún kọ́ ọ. Èyí ló máa ṣe ẹ̀kẹrin, bí ẹ bá ka ti ìgbà tí mo wà lọ́mọdé mọ́ ọn."

Mo ju okùn náà sílẹ̀. "Akmaral! Ẹ̀ẹ̀mẹrin! Ìwọ, ẹ̀ẹ̀mélòó lo kọ́ ìrìn?"

"Ẹ̀ẹ̀kan."

"Gauhar ńkọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀kan náà ni, Ìyá."

"Ẹni tó ṣubú tó tún kọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹrin, òun ni ọ̀jọ̀gbọ́n ìrìn! Ta ni ò lè ṣubú láyé? Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń dìde ni mo fẹ́ fún Inju. Àwọn yòókù kàn ń rìn lọ ni, wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ṣe é."

Akmaral wo Rodion láti orí dé ẹsẹ̀, bí a ṣe ń wo ẹṣin tí a fẹ́ rà. Mo mọ̀ pé bí ó bá ní rárá, ó parí. Ọmọ rẹ̀ ni.

"Bí ó bá jẹ́ pé ó ń kọ́ ìrìn lọ́wọ́," ó wí níkẹyìn, "a jẹ́ pé okùn wà lẹ́sẹ̀ tirẹ̀ náà. Ẹni tí okùn wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kò lè gé tẹlòmíì. Tirẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ gé."

Háà! N kò ronú dé ibẹ̀. Mo mú ṣísọ́ọ̀sì nílẹ̀, mo gé okùn tí mo jù sílẹ̀ sí méjì, mo so ìdajì padà mọ́ Inju lẹ́sẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo so ìdajì kejì mọ́ ará òfuurufú lẹ́sẹ̀, lórí bàtà funfun ńlá rẹ̀.

"Kí ni ẹ̀ ń ṣe?" Dókítà kígbe.

"Ìtọ́jú ni," Rodion wí. "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀."

"Ta ni yóò gé e?" Satibaldi bèèrè. "Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó yára."

Jaksilik sún sẹ́yìn, ó ní orúnkún ń dun òun. Satibaldi wo ikùn ara rẹ̀, òun náà sún sẹ́yìn. Mo wo yíká pápá náà, ẹnì kan ṣoṣo ni mo rí. Obìnrin yìí ti gbé ilé mi fún ọdún mẹ́ta, n kò tíì bá a ní ìjókòó rí. Ó máa ń ti fún wàrà, ti pọnmi, ti dáná kí n tó wọ bàtà. N kò sọ èyí fún un rí. N kò tilẹ̀ sọ ọ́ fún ara mi.

"Akmaral ni," mo ní. "Nínú gbogbo Taskuduk, kò sí ẹni tó ń rìn tó ọ."

Etí rẹ̀ pọ́n. Ó gba ṣísọ́ọ̀sì, ó gé okùn Rodion ní ẹ̀ẹ̀kan. Mo di ọwọ́ Rodion mú mọ́ ṣísọ́ọ̀sì náà kó má baà tún fi í sílẹ̀, ó sì gé ti Inju. Satibaldi àti Jaksilik di Rodion mú lábíyá, wọ́n gbé e dìde. Dókítà ń ka nǹkan lẹ́nu, bóyá àdúrà ni, bóyá èébú. Akmaral gbé Inju sílẹ̀, ọmọ na ọwọ́, ó di ìka ọkùnrin náà kan mú.

Ẹsẹ̀ kan. Ẹsẹ̀ méjì. Orúnkún Rodion yẹ̀, orúnkún Inju náà yẹ̀, wọ́n tún nà án. Ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ní ẹ̀kẹrin, Rodion jókòó gbàà sórí ọwọ́ àwọn tó gbé e, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo fọ́n súìtì lu gbogbo wọn. Ẹni tó ń bì dáwọ́ dúró, ó mú ọ̀kan. Ẹni tó ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní, "Dúró ná, wọ́n ń ju súìtì lù wá."

Dókítà lé wa lọ lẹ́yìn ìyẹn, kò sì jẹ̀bi.

Nígbà tí a padà dé Taskuduk, ó ku díẹ̀ kí aago méjì lù, ẹran ń hó. Àlejò ti kún àgbàlá. Gauhar jókòó nínú aṣọ aláràbarà, ó gbé fóònù rẹ̀ ró sórí tábìlì. Tolegen wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò.

"Ẹ̀yin nìkan la ń dúró dè," Gauhar wí. "Okùn dà?"

Mo la ẹnu, ṣùgbọ́n Akmaral ti ń dáhùn. "A ti gé e. Rodion ló gé e, ọ̀jọ̀gbọ́n ìrìn. Láti òfuurufú ló ti wá."

"Ẹn-ẹn," ẹnì kan wí nídìí oúnjẹ. "Wọ́n ṣì ń lọ síbẹ̀? Ẹ ṣáà jẹ́ ká jẹun."

"Mẹ́rin sí mẹ́ta!" ẹlòmíì pariwo, gbogbo ọkùnrin sì sáré bo fóònù kan ṣoṣo.

Akmaral gbé Inju sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà àgbàlá. Ọmọ náà dúró, ó mì síhìn-ín, ó mì sọ́hùn-ún, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì, kò di ẹnikẹ́ni mú. Ó kọjá lẹ́yìn àwọn tó ń wo ewúrẹ́, ó kọjá níwájú Gauhar tó ń tún irun ara rẹ̀ ṣe nínú fóònù, ó rìn títí dé ibi tí ẹran wà. Kò sí ẹni tó gbójú sókè.

Èmi àti Akmaral nìkan ló rí i. A dúró lẹ́nu ọ̀nà, a sì ń pàtẹ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ fi ń ta wá.